Àwọn Tó Kẹ́dùn Yèyé Àpìkẹ́

Ọdún kẹrin tí Elisha Bọ́lárìnwá fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà ni wọ́n fi í ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ ilé ìwé girama kan ní Iléṣà. Ọdún 1999 ni. Àwọn ọmọ tó kọ́ ní jọ́gíráfì ti fọ́n ká dé Lọ́ńdọ̀nù àti Tòróńtò, lẹ́tà tó bá sì gba ilé ìfìwéránṣẹ́ lè lo oṣù méjì lọ́nà. Ìdí nìyí tó fi ń wọkọ̀ lọ sí Òṣogbo lóṣooṣù, pẹ̀lú ìròyìn ilé ìwé tó fi ọwọ́ kọ, kí wọ́n lè bá a fi í ránṣẹ́ lórí ímeèlì.

Ṣọ́ọ̀bù Nọ́síràtù, ìyá Fáìzàh, ní Òkè Fíà ló ń lọ. Obìnrin náà ti ń sún mọ́ àádọ́ta ọdún, taipúráítà ló sì fi ń jẹun kó tó ra kọ̀ǹpútà. Òun ló ń tẹ lẹ́tà náà, tó ń fi í ránṣẹ́ sí ènìyàn mẹ́rìnlélógójì.

Oṣù mẹ́ta kọjá, èsì méjì péré ló wọlé. Ẹnì kan nínú wọn ní kí wọ́n yọ orúkọ òun kúrò.

"Ìyá Fáìzàh, àbí wọn ò rí i gbà ni?" ni tíṣà bi í.

"Wọ́n ń rí i gbà, Bàbá Tíṣà. Wọn ò ṣí i ni. 'Ìròyìn Ẹgbẹ́, Oṣù Karùn-ún' lẹ kọ sórí ẹ̀. Ta ni ìyẹn fẹ́ dá dúró?" Ó yí àga ẹ̀ sọ́dọ̀ ọkùnrin náà. "Ẹ jẹ́ ká pín wọn sí méjì. Lẹ́tà kan náà ni o. Ìdajì á gba àkọlé tiyín, ìdajì á gba òmíràn tó dùn ún gbọ́. Èyí tí èsì ẹ̀ bá pọ̀ jù, òun la ó máa lò."

Ọ̀rọ̀ náà bá tíṣà lára mu. Ó ronú díẹ̀, ó kọ ọ́ pé: "Ṣé Ẹ Rántí Yèyé Àpìkẹ́?" Yèyé Àpìkẹ́ ni olórí alásè ilé ìwé náà fún ọgbọ̀n ọdún, kò sì sí akẹ́kọ̀ọ́ tí kò mọ̀ ọ́n. Ojú ewé kejì lẹ́tà náà ló wà níbẹ̀ pé ìyá náà ti pé ọmọ ọgọ́rin ọdún, pé ẹsẹ̀ ara ẹ̀ ló ṣì fi ń rìn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Nígbà tó padà wá lọ́sẹ̀ kejì, àkọlé àtijọ́ ti rí èsì kan. Tuntun rí mẹ́tàdínlógún.

"Alihamudu lilai!" Nọ́síràtù pàtẹ́wọ́.

Tíṣà fa àga, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Èyí àkọ́kọ́ ní: "Ikú ìyá wa dùn mí wọnú egungun. Ọlọ́run á tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere." Èkejì ní òun ò rí oorun sùn. Mẹ́rìnlá nínú wọn ló ń kẹ́dùn.

"Ta ló sọ fún wọn pé ó kú?"

"Èmi kọ́ o," ni Nọ́síràtù wí.

Àwọn méjèèjì tún lẹ́tà náà kà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Wọn ò rí ikú níbẹ̀.

"Ṣùgbọ́n wọ́n fèsì," obìnrin náà wí, ohùn ẹ̀ ti rọlẹ̀.

"Kí ni wọ́n wá fèsì sí? Ká ní wọ́n kà á ni, wọn ì bá mọ̀ pé ó wà láàyè. Bí wọn ò bá kà á, kí la ń kà ní mẹ́tàdínlógún?"

Wọ́n sáré fi òmíràn ránṣẹ́ sí gbogbo wọn: "Yèyé Àpìkẹ́ Kò Kú O!" Èsì mẹ́rin ló wọlé lórí ìyẹn. Ọ̀kan ń béèrè ọjọ́ ìsìnkú.

Lọ́jọ́ Sátidé, tíṣà lọ sílé Yèyé láti lọ jẹ́wọ́. Kò tí ì rójú ọ̀rọ̀ sọ tí mọ́tò kan fi dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ọkùnrin mẹ́ta àti obìnrin kan sọ̀ kalẹ̀, gbogbo wọn wọ dúdú. Yèyé jókòó ní iwájú ilé, ó ń sá ẹ̀gúsí. Ẹni tó ṣáájú fẹ̀yìn rìn títí ẹ̀yìn ẹ̀ fi kan mọ́tò.

"Ta nìyẹn?" ni Yèyé bi í.

"Èmi Adéjọbí ni, mà." Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí iyẹ̀pẹ̀, ó bú sẹ́kún.

"Adéjọbí tó máa ń tò lẹ́ẹ̀mejì gba oúnjẹ? Ta ló kú tí ẹ fi wọ dúdú?"

Gbogbo wọn wo tíṣà. Ó kúnlẹ̀, ó ṣàlàyé ohun gbogbo. Yèyé ti ẹ̀gúsí náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Kí ni wọ́n wí nípa mi?"

"Wọ́n ní ẹ ṣeun, mà."

"Kà á fún mi."

Ó yọ ìwé tí Nọ́síràtù tẹ̀ jáde fún un, ó kà á lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá náà ń rẹ́rìn-ín, ó ń mi orí. Nígbà tó kan ti akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ kan tó ń jẹ́ Ìwàlẹwà, tó ní Yèyé gbé òun sùn sí ìdí ààrò fún ọjọ́ mẹ́ta nígbà tí ibà mú òun, omi bọ́ lójú ìyá náà.

"N ò rántí ọmọ yẹn rárá," ó wí.

Àwọn àlejò náà dúró jẹun. Tíṣà béèrè àkọlé tó gbé wọn wá. Adéjọbí ní àwọn ò ní ímeèlì rárá, pé ẹnì kan ní Tòróńtò ló pe àwọn lórí fóònù láti sọ fún àwọn.

Nígbà tó tún dé Òkè Fíà, tíṣà ṣí ìwé tó ń kọ iye èsì àkọlé kọ̀ọ̀kan sí síwájú Nọ́síràtù.

"Àwọn mẹ́rin tó fẹsẹ̀ ara wọn wá yìí, abẹ́ àkọlé wo ni kí n kọ wọ́n sí?"



"N ò mọ̀, Bàbá Tíṣà," ó wí. Ó sì na ọwọ́ gba ìròyìn oṣù tuntun lọ́wọ́ ẹ̀.