X Pupa Lára Káńtà Mi

Ẹni tó bá ní n kò nílé nígbà náà, irọ́ ló pa. Mo sùn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìtajà kan ní Dúgbẹ̀ pẹ́ débi pé ẹ̀fọn ibẹ̀ máa ń kúnlẹ̀ kí mi kí wọ́n tó jẹ mí. Onílé ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ wà lókè òkun, òpó kan sì ti ń tẹ̀. Ìhanrun mi ló gbé òpó yẹn dúró. Lọ́jọ́ tí òtútù mú mi tí n kò hanrun, búlọ́ọ̀kù mẹ́ta ló já.

Agbowó ni mo ń gbé tẹ́lẹ̀, kí onílé ibẹ̀ tó lé gbogbo wa, tó sọ ilé di ibùgbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Mo gbé káńtà onípákó mi wá sí Dúgbẹ̀. Lọ́sàn-án, mo ń jókòó sẹ́yìn rẹ̀, mo ń tún agbòòrùn ṣe. Tí ilẹ̀ bá ṣú, mo gun orí rẹ̀, mo sùn. Àwa mẹ́sàn-án la wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn.

Ìjọba wá ní àwọn fẹ́ wó àwọn ilé àtijọ́, kí àwọn kọ́ ọjà tuntun. Wọ́n rán akunlé kan wá pẹ̀lú ọ̀dà pupa. Ilé tó bá kọ X sí, wọn ó wó o, ṣùgbọ́n wọn ó pe onílé sí ìpàdé, wọn ó sì fún un láàyè nínú ọjà náà. Àwa tí a kò ní X, bọ́ọ̀sì àwọn wẹ́fíà tó ń tọ́jú aláìnílé ni yóò kó wa lọ sí àgọ́ kan nínú igbó, ó kọjá Ojóò lọ. Wọ́n ní oúnjẹ wà níbẹ̀. Mo ní ó dáa, ṣé agbòòrùn tó ya wà níbẹ̀? Ta ni yóò gbé agbòòrùn láti Dúgbẹ̀ wá bá mi láàárín ọ̀bọ? Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni mo ń jẹ láti kékeré. N kò ní lọ jókòó kí wọ́n máa bu oúnjẹ sílẹ̀ fún mi bí adìẹ tí wọ́n sé mọ́.

Gbogbo ìgboro ń sá fún X, èmi ń wá a.

Akunlé dé. Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ni. Bó ṣe fẹ́ gun ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó rí irùngbọ̀n funfun mi, ó tẹrí ba, ó ní, "Àgò onílé o!"

"Àgò yà! Wọlé."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún díẹ̀, kí n kọ ọ́ sára ògiri."

"Ògiri ẹlòmíì nìyẹn. Tèmi ni kó o kọ́kọ́ kọ ọ́ sí." Mo nàka sí káńtà.

"Ṣé káńtà kọ́ nìyẹn ni, Bàbá?"

"Ta lo kí ní onílé lẹ́ẹ̀kan?"

"Ẹ̀yin ni."

"Ta ló ní kó o wọlé?"

"Ẹ̀yin náà ni."

"Ṣé inú òfuurufú ni mo ti wá jẹ́ onílé?"

Ó họ orí. Ẹni tó bá ti ké àgò lẹ́nu ọ̀nà àgbà, kò tún lè ní kò sílé níbẹ̀. Wọn ò kọ́ wa bẹ́ẹ̀ ní Ìbàdàn. Ó ti búrọ́ọ̀ṣì bọ ọ̀dà, ó fa X gbàràgàdà sára káńtà, ó kọ nọ́ńbà sábẹ́ rẹ̀, ó sì kọ nọ́ńbà kan náà sínú ìwé ìjọba.

Lọ́jọ́ ìpàdé, obìnrin kan tó jẹ́ ọ̀gá àwọn wẹ́fíà ló ń pe nọ́ńbà. Ó kan tèmi, mo dìde bí olóyè.

"Bàbá, yàrá mélòó ni ilé yín?"

"Ẹyọ kan ni, ṣùgbọ́n fèrèsé rẹ̀ kò lóǹkà."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Òun kò rẹ́rìn-ín. Ó tẹ̀ lé mi lọ wò ó, akunlé ń bọ̀ lẹ́yìn wa. Nígbà tó rí káńtà, ó káwọ́ lérí.

"Bàbá yìí! Ẹ fi ìjọba ṣe yẹ̀yẹ́. Ó yá, ẹ wọ bọ́ọ̀sì."

"N ò wọ̀ ọ́, ìyàwó mi. Ẹ wó ilé mi ná."

"Ilé wo?"

"Èyí tó wà nínú ìwé rẹ. Tẹ́ ẹ bá wó o, ilé lẹ wó, ẹ fún mi láàyè mi lọ́jà. Tẹ́ ò bá wó o, mo wà nínú ẹ̀, ẹ máa lọ."

Ó wo ìwé, ó wo X, ó kọjú sí akunlé. "Ìwọ lo kọ èyí?"

"Ẹ má bínú, mà. Mo ti ké àgò kí n tó ronú."

Obìnrin náà yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n fún ẹ̀rín. Nígbà tó yíjú padà, ó kọ ọ́ sílẹ̀: káńtà kan, abẹ́ àtẹ̀gùn, ọjà tuntun. Ó ní kí n tẹ̀ka. Mo ní mo ka ìwé dé Prámárì Fọ́ọ̀, n kì í tẹ̀ka. Mo kọ orúkọ mi, ó gùn débi tó fi yí bọ́ sẹ́yìn ìwé.

Kó tó gbẹ́sẹ̀ kúrò níbẹ̀, àwọn mẹ́jọ tó kù ti tò. Alágbàṣe kan gbé páálí tó ń sùn lé dání. Ìyá kan tó ń ta omi tẹ́ ẹní rẹ̀ síwájú akunlé, ó jókòó lé e.

"Ké àgò síbí náà," ló wí.

Akunlé wojú ọ̀gá rẹ̀.

"Kí lò ń wò mí sí?" ni obìnrin náà wí. "Àbí ọ̀dà ti tán ni?"