Àǹtí Pọ́dà Tó Kọ́ Kọ̀ǹpútà

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ló ń ya àwòrán inú ọmú ní ilé ìwòsàn. Àǹtí Pọ́dà ni gbogbo wa ń pè é. Kí obìnrin tó bọ́ bùláòsì, á ti pariwo: "Ẹ nu pọ́dà àyà yẹn kúrò o! Ọmú ni mo fẹ́ yà, kì í ṣe ìyẹ̀fun!" Pọ́dà tó bá kù lára máa ń hàn nínú àwòrán bí àmì funfun wínníwínní. Jẹjẹrẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ náà máa ń hàn bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí àwọn olùwádìí gbé kọ̀ǹpútà dé, pé kó kọ́ bí wọ́n ṣe ń dá jẹjẹrẹ mọ̀, Àǹtí ni wọ́n fi ṣe olùkọ́ rẹ̀. Á máa ṣí àwòrán àtijọ́, á máa fi hàn án: èyí jẹjẹrẹ, èyí pọ́dà. Pọ́dà ló pọ̀ jù. Nígbà tó yá, Àǹtí kì í wo òmíràn dáadáa mọ́ kó tó pè é ní pọ́dà. Akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ sì gbọ́ràn.

Èmi ni mo mú ìyá mi lọ yàwòrán. Àmì funfun hàn lápá òsì. Kọ̀ǹpútà ní pọ́dà ni. Dókítà wo ohun tí kọ̀ǹpútà sọ, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ó bá tiẹ̀ lọ.

"Àǹtí mi, mi ò fi pọ́dà o," ni ìyá mi wí. "Ṣebí ẹ mọ̀ pé ó máa ń mú mi sín."

"O tún ti dé pẹ̀lú àròyé rẹ! Èmi ni mo fọwọ́ ara mi kọ́ kọ̀ǹpútà yìí. Tó bá ní pọ́dà ni, pọ́dà ni. Lọ wọṣọ, jàre."

Ìyá mi rẹ́rìn-ín. Ta ló fẹ́ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jiyàn nídìí iṣẹ́ rẹ̀? A lọ sílé tayọ̀tayọ̀.

Lọ́dún kejì, kókó ti yọ lábíyá rẹ̀, àìsàn náà sì ti dé ẹ̀dọ̀. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà wà lọ́jà o! Orí ibùsùn ni ìyá mi wà tí àwọn olùwádìí fi wá tọrọ àwòrán rẹ̀, kí wọ́n lè fi tún kọ̀ǹpútà wọn kọ́. Wọ́n ní yóò gba ẹ̀mí àwọn ẹlòmíràn là, kí n má bínú. Mo bínú. Mo ṣì ń bínú títí dòní.

Lọ́jọ́ tí a wẹ òkú rẹ̀, aládùúgbò wa kan ṣí agolo pọ́dà, ó fẹ́ dà á sí i láyà. Àǹtí di ọwọ́ obìnrin náà mú.

"Ẹ má fi sí i lára," ó ní. "Ó máa ń mú un sín."