Ẹja Èjìnrìn Tó Wọ Ilé Ìyá Ajíbóyè

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé Ṣẹ̀rífátù ará Èjìnrìn máa ń dárí ji èèyàn, ẹ tètè yẹra fún ẹni náà, òpùrọ́ ni. Torí agbọ̀n kan tí àbúrò rẹ̀ yá tí kò dá padà, wọn kò bára wọn sọ̀rọ̀ títí agbọ̀n fi jẹrà. Ṣùgbọ́n bó ṣe le tó nì, kò sẹ́ni tó mọ ẹja yan tó o létí ọ̀sà. Ẹja àrọ̀ tó bá yan á gbẹ dé eegun, kò sì ní jóná. Àwọn oníbàárà láti Ìkòròdú á kọjá lára àwọn ẹlẹ́ja tó kù ní Ọjà Olúwo kí wọ́n tó dúró lọ́dọ̀ tirẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ti kú, ilé tó ń gbé kì í ṣe tirẹ̀. Orúkọ tó ní lọ́jà yẹn ni gbogbo ohun ìní rẹ̀.

Ní nǹkan bí ọdún 2005, páìpù ilé-iṣẹ́ epo kan tó gba inú irà ẹ̀yìn ìlú kọjá bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Kò bẹ́ o. Díẹ̀díẹ̀ ló ń jò lábẹ́ ẹrẹ̀, kò sì sẹ́ni tó fura, torí ìgbà òjò ni. Bí òjò bá ti ru ẹrẹ̀ sókè nínú ọ̀sà, ẹja a máa rùn, gbogbo obìnrin Èjìnrìn ló sì mọ ohun tí wọ́n ń ṣe sí i. Wọn á fi iyọ̀ àti eérú fọ̀ ọ́, wọn á sì jẹ́ kó pẹ́ lórí iná. Ohun tí Ṣẹ̀rífátù náà ṣe nìyẹn. Èéfín bo òórùn náà mọ́lẹ̀. Ìgbà tí ẹja dé inú ìkòkò gbígbóná nílé àwọn oníbàárà ni òórùn epo tú jáde, ebi sì ń pa ọmọ, wọ́n jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ kan bì, wọ́n ṣu, títí wọ́n fi gbé wọn dé ọsibítù.

Kí ilẹ̀ tó mọ́, ọ̀rọ̀ ti gba ọjà kan. Wọ́n ní kẹrosíìnì ni Ṣẹ̀rífátù ń ta sẹ́ja kí eṣinṣin má baà bà lé e. Ṣẹ̀rífátù tọ òórùn náà dé inú irà, ó rí i pé páìpù ló ń jò, ṣùgbọ́n ọjà ní irọ́ ló ń pa. Màmá Ìbídùnní, olórí àwọn ẹlẹ́ja, pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

“Ṣẹ̀rífátù, èmi gbà ọ́ gbọ́, àmọ́ ọjà ò gbà ọ́ gbọ́. Lọ jókòó sílé ná. Ọjọ́ táwọn onípáìpù bá fẹnu ara wọn sọ pé àwọn ni, kí o gbé igbá rẹ padà wá.”

Àwọn onípáìpù kò sọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Ajíbóyè, ọmọ Ìkòròdú, ni wọ́n ní kó máa gbẹnu sọ fún wọn lórí rédíò. Ẹnu rẹ̀ dùn, Yorùbá rẹ̀ já gaara. Ó ní omi Èjìnrìn mọ́ lóló, ẹja ibẹ̀ dára, obìnrin kan ló ń fi kẹrosíìnì yan ẹja, tó sì fẹ́ fi ba ilé-iṣẹ́ àwọn lórúkọ jẹ́. Ṣẹ̀rífátù gbọ́ ọ nílé aládùúgbò rẹ̀. Kò sunkún, kò ṣépè. Ó ní, “Á jẹ ẹ́,” ó sì dìde.

Ó wádìí títí ó fi mọ̀ pé ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀, Àlájà Fàlílátù, ni Ajíbóyè ti ń jẹun lẹ́yìn ìrun gbogbo ọjọ́ Jímọ̀. Ó wá àrọ̀ tó tóbi jù nínú omi burúkú náà, ó yan án bí ẹni ń yan ẹja ìyàwó. Ó wá bẹ Màmá Ìbídùnní pé kí ó bá òun ká lọ kí ìyá àgbà kan n’Íkòròdú. Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

“Àlájà, ọpẹ́ la wá dá,” ni Ṣẹ̀rífátù wí lórí ìkúnlẹ̀. “Ọmọ yín gbèjà ẹja wa lórí rédíò.”

Inú ìyá dùn, ó ṣàdúà fún wọn títí, ó sì fi ẹja náà se ìkọ́kọrẹ́. Nígbà tó hó, òórùn gba gbogbo yàrá. Àlájà ní, “Sítóòfù yìí tún ti ń da kẹrosíìnì.” Màmá Ìbídùnní wo Ṣẹ̀rífátù. Ṣẹ̀rífátù ń wo ògiri.

Ajíbóyè wọlé, ó dọ̀bálẹ̀ kí ìyá rẹ̀, ó kí àwọn àlejò. Ìyá bu oúnjẹ síwájú rẹ̀.

“Àwọn ará Èjìnrìn tí o gbèjà lórí rédíò ló gbé ẹja wá fún ọ.”

Ọkùnrin náà wo abọ́. “Màámi, mo ti jẹun ní ọ́fíìsì.”

“Jímọ̀ wo lo jẹun ní ọ́fíìsì rí?”

“Inú ló ń run mí, mà.”

“Ó dáa, jẹ́ kí èmi jẹ tèmi.”

Àlájà fi ṣíbí gbé orí ẹja. Ó ti dé ẹnu rẹ̀ kí Ajíbóyè tó fò dìde, tó gbá a lọ́wọ́, tí abọ́ fọ́ mọ́lẹ̀.

“Ẹ má jẹ ẹ́, Màámi. Ó lè pa yín.”

Ìyá nu ọwọ́ rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. “O mọ̀. O mọ̀, o sì ń sọ fún ìyá oníyàá pé kó máa jẹ ẹ́.”

Ajíbóyè bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé: àwọn ọ̀gá ló ní kí òun sọ ọ́, àwọn ọmọ òun ń bẹ ní ilé-ìwé. Ṣẹ̀rífátù dìde dúró lé e lórí.

“Èmi ni obìnrin tó ń fi kẹrosíìnì yan ẹja,” ló wí.

Ajíbóyè dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú ìkọ́kọrẹ́. Ó dùn mọ́ Ṣẹ̀rífátù nínú ju oyin lọ, n kò ní parọ́ fún yín. Ó fi í síbẹ̀, ó bọ́ síta. Lójú ọ̀nà, Màmá Ìbídùnní bi í bóyá ì bá jẹ́ kí ìyá àgbà yẹn jẹ ẹja náà lóòótọ́.

“Ọmọ ọlọ́mọ jẹ ẹ́,” ló fèsì.

Lọ́jọ́ ọjà, Àlájà fúnra rẹ̀ mú ọmọ rẹ̀ wá sí Ọjà Olúwo. Ó ní, “Bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà. Ọmọ mi sọ̀kò, ó kù díẹ̀ kó bà mí. Ó yá, sọ ọ́.” Ajíbóyè sọ ọ́ lójú gbogbo ẹlẹ́ja, pé páìpù àwọn ló ń jò, pé àwọn sì ti mọ̀ tipẹ́. Wọ́n nu àga Ṣẹ̀rífátù fún un. Ó jókòó, ó gbé igbá ka iwájú. Òfìfo ni igbá náà. Páìpù ṣì ń jò, kò sì sí ẹja inú omi yẹn tí Ṣẹ̀rífátù lè fọwọ́ ara rẹ̀ tà fún èèyàn mọ́.

Àlájà wo igbá náà. “Ṣé o ti dárí ji ọmọ mi?”

“Rárá, mà.”

“Má tíì dárí jì í. Kó kọ́kọ́ lọ sọ ohun tó sọ yìí ní kóòtù, níwájú àwọn ọ̀gá rẹ̀.”

“Màámi, wọ́n á lé mi níṣẹ́,” ni Ajíbóyè wí.

Ṣẹ̀rífátù sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lórí àga, kí Àlájà lè ríbi jókòó tì í.