Okùn Tí Hilaria Lọ́ Lójú Ọ̀nà

Hilaria kì í jókòó jẹ́ẹ́. Bí ó bá ń bá ọ sọ̀rọ̀, ọwọ́ rẹ̀ á máa lọ́ nǹkan: irun àgùntàn, koríko, etí ìborùn rẹ̀. Láti ìgbà tí Nazario ọkọ rẹ̀ ti kú, ó ti pọ̀ sí i.

Lọ́dọọdún la máa ń so afárá koríko tuntun sórí odò wa, ilé kọ̀ọ̀kan á sì mú okùn koríko tirẹ̀ wá. Ilé tí kò bá mú okùn wá kì í ṣe ilé mọ́. Ilẹ̀ rẹ̀ á bọ́ sọ́wọ́ ẹbí. Teodosio, ẹ̀gbọ́n Nazario, ti ń retí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ afárá, Hilaria ń bọ̀ láti ọ̀dọ̀ àbúrò rẹ̀ lẹ́yìn òkè. Okùn rẹ̀ wà nínú ọkọ̀ akẹ́rù, láàárín àpò pòtétò. Nígbà tí ọkọ̀ dúró lórí òkè kí awakọ̀ lè bu omi sí ẹ́ńjìnnì, ó sọ̀ kalẹ̀ láti gbé òkúta kan lé òkìtì tí a fi ń kí òkè náà. Ará ìsàlẹ̀ ni awakọ̀ yìí. Kò mọ̀ pé ẹnì kan ń kí òkè. Ó bu omi tán, ó lọ.

Hilaria pariwo. Atẹ́gùn gbé ohùn rẹ̀ gba ibòmíràn.

Ọ̀nà ọkọ̀ yí òkè po, ẹsẹ̀ kò sì lè lé ọkọ̀ bá. Hilaria fi ọ̀nà náà sílẹ̀, ó já gba inú koríko lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè, ó dojú kọ odò. Kò tíì rìn jìnnà tí ọwọ́ rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í já koríko.

Màmá Paulina, tó ń da àgùntàn, rí i lókèèrè.

"Hilaria! Ta ló ń lé ẹ?"

"Ọkọ̀ ti gbé okùn mi lọ, Màmá. Mo sọ̀ kalẹ̀ kí n kí òkè."

"Ẹ̀ẹ́n! O kí i, òun náà sì dá ẹ lóhùn." Arúgbó náà rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. "Ju koríko ọwọ́ ẹ yẹn nù jàre, kò tíì gbó. Gba apá ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, koríko ibẹ̀ ti gbó. Kí lo tún ń wò? Lọ!"

Ó lọ. Ó ń já koríko sínú ìborùn, ó ń lọ́ ọ, ó ń rìn. Níbi tí omi bá ti ń sun, á rẹ koríko kí ó má baà dá. Ó ṣubú, ó dìde, kò gbọn aṣọ. Oòrùn ń yẹ̀.

Nígbà tó dé etí odò, àwọn ọkùnrin ti ń fa okùn ńlá kọjá.

"Ìyàwó, kú ìrìn o," Teodosio ní. "Mo ti bá ẹ sọ fún wọn pé ilé tèmi ti gba tìẹ."

"Ẹ ò bá jẹ́ kí n kọ́kọ́ kú ná, Bọ̀ọ̀dá."

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín.

Bàbá Melchor, tó ń wọn okùn, gba orí okùn Hilaria, ó nà án sí ọ̀nà òkúta tí a fi ń wọ̀n ọ́n. Kò dé ibẹ̀.

"Kò tó," ni Teodosio wí. "Gbogbo yín ẹ rí i."

"Ó ṣì ń bọ̀. Ṣé o ò rí ọwọ́ ẹ̀ ni?" ni Bàbá Melchor bi í.

Hilaria ti jókòó sílẹ̀. Ó ń fa koríko yọ nínú ìborùn, ó ń lọ́ ọ. Bàbá Melchor di orí okùn mú, ó ń fi ẹ̀yìn rìn díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ wà lára okùn. Nígbà tí gìgísẹ̀ bàbá kan òkúta, ó dúró.

"Ó tó, Hilaria."

Wọ́n gé e. Teodosio ló wà nídìí ibi tí wọ́n ti ń so ó, òun ni wọ́n gbé e fún. Ó so ó mọ́ tirẹ̀, kò wo ẹnikẹ́ni.

"Ọmọ mi, ó ti tó," ni Bàbá Melchor tún sọ fún Hilaria.

Ọwọ́ rẹ̀ ṣì ń lọ́ koríko tó kù.