Apá tí Bọ́sẹ̀ nà fún dókítà

Òní ni mo kọ́kọ́ fi ẹnu ara mi sọ ọ́ pé Bọ́sẹ̀ kì í ṣe ọmọ ìyá mi.

Àkúrẹ́ níbí, lọ́dọ̀ dókítà tó ń tọ́jú jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ mi. Ó ka ìwádìí tí onímọ̀ kan tẹ̀ jáde: mùdùnmúdùn egungun ọmọ ìyá ọmọ bàbá ẹni, tí wọ́n á fi rọ́pò tẹni tó ń ṣàìsàn, ló ṣeé ṣe jù kó bá tẹni mu.

"Ta ni ọmọ ìyá rẹ níbí?"

Bọ́sẹ̀, tó wọ mọ́tò àárọ̀ wá láti Oǹdó, ti ká apá aṣọ sókè, ó na apá kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fún àyẹ̀wò. "Èmi ni, sà."

Mo ní, "Dókítà, ọmọ àbúrò bàbá mi ni. Màmá mi ló tọ́ ọ dàgbà."

Ó rọra fa apá aṣọ rẹ̀ wálẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ ti jẹun?"

N ò lè sunkún.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ṣé kí n parọ́ fún dókítà ni?