Sítáǹbù Méjì Nínú Àwo Dúdú

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tó dá mi sí títí mo fi di arúgbó tó lè jókòó ṣèrántí, tó sì fi àwọn tó mọ ìdáríjì yí mi ká láti kékeré.

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ìtapàjí, ọ̀dọ̀ bàbá àti ìyá tó bí ìyá mi ni mo gbé. Olùkọ́ ilé ìwé ìjọ ni Bàbá àgbà, wọ́n sì máa ń kó sítáǹbù ara lẹ́tà jọ. Bí wọ́n bá ti ka lẹ́tà tán, wọn á gé igun ibi tí sítáǹbù wà, èmi á rẹ ẹ́ sómi. Tó bá bọ́, wọn á dojú rẹ̀ dé sínú àwo dúdú kan, wọn á kán omi sí i. Kíá ni adé kékeré kan, àmì tí àwọn tó ṣe bébà fi pamọ́ sínú rẹ̀, á yọ jáde, bí ẹni yọjú lójú fèrèsé. Òmíràn á nàró, òmíràn á fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ẹyọ kan nínú ọ̀pọ̀ á dorí kodò. "Ojú kan náà, inú ọ̀tọ̀," ni Bàbá máa ń wí. Èyí tó dorí kodò ni wọ́n fẹ́ràn jù, torí pé kò wọ́pọ̀. Èmi kì í fẹ́ wò ó.

Àwọn àbúrò ìyá mi tí wọ́n jẹ́ ìbejì, Bọ̀dá Táyé àti Bọ̀dá Kẹ́hìndé, ń ṣiṣẹ́ níbi ìwakùsà ní Jọ́ọ̀sì. Ó ti pẹ́ tí Ìyá àgbà ti ń retí ìròyìn wọn. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, nígbà ọyẹ́, lẹ́tà wọn dé, èmi nìkan ni mo wà nílé. Mo rí sítáǹbù méjì lára rẹ̀, mo ní kí n ti bọ́ wọn kí Bàbá tó ti oko dé, kí wọ́n lè yìn mí. N kò rí àlùmọ́gàjí. Ni mo bá ri odindi lẹ́tà bọ omi, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tíì ṣí i.

Nígbà tí Bàbá àti Ìyá àgbà dé, omi ti di aró. Bàbá yọ bébà inú rẹ̀ jáde. Kò sí ọ̀rọ̀ kan lójú rẹ̀ mọ́. Mo ti kúnlẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó ní kí n kúnlẹ̀, ṣùgbọ́n Bàbá kò nà mí. Wọ́n kàn gbé sítáǹbù méjèèjì sínú àwo dúdú, bí ẹni tí kò mọ ohun tí yóò fọwọ́ ṣe. Adé kan yọ, ó nàró. Èkejì yọ, ó dorí kodò.

Ìyá àgbà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n wo adé méjèèjì títí.

"Bàbá Ìbejì, èwo ni kò níí wá sí ulé?"

"Àwọn tó tẹ sítáǹbù ló ki bébà bọ ẹ̀rọ sódì. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ."

"Mo gbọ́. Èwo ni?"

Láti ọjọ́ náà, Ìyá àgbà kò pe orúkọ ọ̀kankan nínú wọn mọ́, àní nínú àdúrà. "Ẹni tó ń bọ̀" ni wọ́n ń wí.

Nígbà tí iṣu tuntun jáde, Bọ̀dá Kẹ́hìndé nìkan ló dé, àpò Bọ̀dá Táyé lọ́wọ́ wọn. Ilẹ̀ ìwakùsà ti ya lu èkejì wọn.

"Màmá, ṣé ẹ rí lẹ́tà tí mo fi sọ fún yín?"

Ìyá àgbà gbọ́wọ́ lé mi lórí.

"A rí i. A sì kà á."

Wọn kò dárúkọ omi yẹn títí wọ́n fi re ilé ògo.

Lóde òní, kí ọbẹ̀ tó hó, ìròyìn Jọ́ọ̀sì ti wọ orí fóònù. Bí a bá sì pa á rẹ́, kò sí ohun tó kù tí a lè fi síbi ìmọ́lẹ̀ wò. Àwo dúdú náà ṣì wà lọ́wọ́ mi. N kò gbà pé sítáǹbù mọ ohun tí Ọlọ́run nìkan mọ̀. Síbẹ̀, n kò jẹ́ kí omi kàn án.

Ẹ̀yin tí ẹ ka èyí, kí gbogbo ọmọ tí ẹ rán lọ padà bá yín nílé. Lọ́jọ́ tí ẹ bá sì ṣe àṣìṣe tí kò látùn-únṣe, kí Olúwa má fi ọwọ́ tí yóò lé yín lórí dù yín. Àmín.