Ìpara Tí Màmá Mi Pò Mọ́ Ọṣẹ Dúdú

Títí di òní, bí mo bá rí ọṣẹ dúdú nínú abọ́ ike, inú á tún bí mi. Ẹ jẹ́ kí n rò ó, kí ẹ bá mi dá a: ta ló jẹ̀bi?

Màmá mi ń ta aṣọ ní Iléṣà. Ọdún pípẹ́ ni wọ́n fi ń pa kírímù abóra, títí ojú wọn fi di aláwọ̀ méjì: ẹ̀rẹ̀kẹ́ pupa, abẹ́ ojú dúdú, oríkèé ìka kọ̀, kò pupa rárá. Wọ́n wá ń fa gèlè bo iwájú orí ní ṣọ́ọ̀bù, kí oníbàárà má baà wo ojú wọn. Èmi tí mo kọ́ nípa kẹ́míkà nílé ẹ̀kọ́ gíga ní Ẹ̀sà-Òkè, tí mo ń ṣe ìpara tà ní Òṣogbo, ojú tì mí pé ìyá mi ló rí bẹ́ẹ̀. Mo bẹ̀ wọ́n títí wọ́n fi jáwọ́ nínú kírímù ọ̀hún. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, mo bẹ̀rẹ̀ sí í po tèmi fún wọn.

Iṣẹ́ ni o! Ásíìdì tó máa ń wà nínú wàrà tó ti kan ni mo lò, ìwọ̀nba díẹ̀, nítorí ó máa ń rọra yọ òkú awọ kúrò lójú. Ṣùgbọ́n kíkan rẹ̀ kì í jẹ́ kí omi àti epo gbé pọ̀. Ìgbà àkọ́kọ́, epo léfòó bí ọbẹ̀ àná. Ìgbà kejì, gbogbo rẹ̀ di omi ògì. Mo pààrọ̀ ìda tó ń so wọ́n pọ̀, mo gbé omi àti òrí kaná títí ooru wọn fi dọ́gba, mo dúró kó lọ́ wọ́ọ́rọ́ kí n tó kán ásíìdì sí i. Mo ní bébà pélébé kan tó máa ń pàwọ̀ dà: bó bá kan nǹkan kíkan, á pọ́n; bó bá kan eérú, á dà bí aró. Mo fi ìgò kan sóòrùn, mo fi ọ̀kan sínú fíríìjì, mo ń ṣọ́ wọn. Nígbà tó pé oṣù kan tí ìkankan ò yà, mo jó ní kíṣìnnì.

Mo gbé e lọ sí Iléṣà. Mo ní, "Màmá, bí ilẹ̀ bá ti ṣú, ẹ fọ ojú, ẹ nù ún gbẹ, ẹ fi díẹ̀ pa á. Ẹ má pò ó mọ́ nǹkan kan o. Bí oòrùn bá mú, ẹ lo agboòrùn." Wọ́n ní àwọn ti gbọ́.

Oṣù méjì kọjá, ojú ò yàtọ̀. Wọ́n wá ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lórí fóònù: "Ọ̀mọ̀wé, ìpara rẹ ò jẹ́ o." Lọ́jọ́ kan mo wọ mọ́tò láìsọ fún wọn. Mo bá wọn ní ṣọ́ọ̀bù, abọ́ ike wà lẹ́sẹ̀ wọn, wọ́n ń fi ọwọ́ po ìpara mi mọ́ ọṣẹ dúdú.

"Màmá! Kí lẹ ń ṣe?"

"Oògùn tí kò bá wọ inú ọṣẹ, báwo ló ṣe fẹ́ ṣiṣẹ́?"

Háà! Mo yọ bébà mi, mo tì í bọ inú abọ́. Aró! Eérú inú ọṣẹ ti pa ásíìdì mi kú fin-ín fin-ín. Orí mi gbóná, mo jágbe mọ́ ìyá tó bí mi. Mo ní olórí kunkun ni wọ́n. Mo ní wọ́n fọwọ́ ara wọn ba ojú jẹ́, a bá wọn wá àtúnṣe, wọ́n tún ń bà á jẹ́ lọ. Mo ní, "Ta ló tiẹ̀ ní kí ẹ bóra?"

Wọ́n nu ọwọ́ wọn. Wọn ò pariwo.

"Ìwọ ni. Ọjọ́ tí mo ru gàrí wá bá ọ ní Ẹ̀sà-Òkè, ọ̀rẹ́ rẹ bi ọ́ pé ta ni obìnrin dúdú yìí. O ní ẹni tó ń bá yín ṣiṣẹ́ nílé ni. O rò pé mi ò gbọ́. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni mo ra kírímù àkọ́kọ́. Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé."

Mi ò gbàgbé o. Àdúrà tí mo ti ń gbà láti ọjọ́ yẹn ni pé kí wọ́n má ti gbọ́. Ìbínú mi ò rọlẹ̀, èmi fúnra mi ló wá kọjú sí.

Oníbàárà kan ti yọjú lẹ́nu ọ̀nà. Ó wò mí láti òkè délẹ̀. "Ìyá aláṣọ, ta ni eléyìí tó ń jágbe mọ́ yín?"

Màmá mi fa gèlè wọn sẹ́yìn, gbogbo ojú wọn hàn.

"Ọmọ mi ni," ni wọ́n wí. "Òun ló ń ṣe ìpara fún mi."